Ẹ Jẹ́ Kí Ẹ̀rọ Náà Sùn

A mọ̀ pé ẹni tó bá gbọ́ pé àwọn ọmọ ẹ̀ka Yorùbá fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí bátìrì àti ẹ̀rọ aláìlókùn yóò kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Kí ló pa ẹni tó ń ka oríkì àti ìtàn àròsọ pọ̀ mọ́ bátìrì? Ẹ ṣe sùúrù fún wa. Omi ló mú wa débẹ̀, ẹ sì mọ̀ pé omi ò lọ́tàá.

Ní họ́sítẹ́ẹ̀lì tí àwa méjì tí a kọ èyí ń gbé, táǹkì omi ńlá méjì ló wà lórí irin gíga lẹ́yìn ilé. Láti ìsàlẹ̀, kò sí bí èèyàn ṣe lè mọ bí omi tó wà nínú wọn ṣe pọ̀ tó. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ gbọ́dọ̀ gun àkàbà. Bàbá Pọ́tà ló máa ń gùn ún, àgbàlagbà sì ni wọ́n. Bí wọn kò bá gùn ún, iná á dé lóru, kò ní sí ẹni tó máa tan ẹ̀rọ tó ń fa omi, iná á tún lọ. Bí ilẹ̀ bá mọ́, gbogbo wa á gbé korobá, a ó máa wá omi kiri nígbà tí ìdánwò aago mẹ́jọ wà níwájú. Lọ́dún tó kọjá, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní òun máa bá Bàbá gun àkàbà náà ní ìdájí. Ìrì ti sẹ̀ sórí irin. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, ó já bọ́, ó sì kán lápá.

Ìṣẹ̀lẹ̀ yẹn ló mú kí ọ̀rẹ́ wa kan dìde. Ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ iná ló wà, gbogbo wa sì ń pè é ní Ẹnjinníà bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ṣì ku ọdún kan kó gboyè. Ó ní òun máa ṣe ẹ̀rọ tí yóò máa wọn omi inú táǹkì. Ó ra ESP8266, ẹ̀rọ kékeré kan tó ní Wi-Fi nínú, tí ilé-iṣẹ́ Espressif ní ilẹ̀ Ṣáínà ń ṣe. Ó so ó mọ́ ẹ̀rọ mìíràn tó ń fi ìró mọ bí omi ṣe jìnnà sí ẹnu táǹkì. Ó fi bátìrì kan tó tú jáde nínú kọ̀ǹpútà alágbèéká àtijọ́ sí i, ó kó gbogbo rẹ̀ sínú ike oúnjẹ onídèérí, ó sì so ó mọ́ òkè táǹkì. Ó gbé àpótí kejì sí yàrá Bàbá Pọ́tà. Ibẹ̀ ni ìròyìn ti ń jáde: omi kún, omi dé ìdajì, omi ti ń tán. Kò lo ráútà rárá; ẹ̀rọ méjèèjì ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ tààrà.

Lọ́jọ́ tó tan án, a pàtẹ́wọ́. Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀rọ orí táǹkì ti kú. Ẹnjinníà gun àkàbà, ó yọ bátìrì, ó lọ ṣáàjì rẹ̀, ó tún gun àkàbà lọ dá a padà. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì, ó tún ti kú. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, a ti gun àkàbà ju bí Bàbá Pọ́tà ṣe ń gùn ún láàárín oṣù kan lọ. Ẹ̀rọ tí a ṣe kí ẹnikẹ́ni má baà gun àkàbà mọ́ ló wá ń lé wa gun àkàbà lójoojúmọ́.

Bàbá Pọ́tà ló béèrè ohun tó yẹ kí àwa tí a ń pe ara wa ní alákọ̀wé ti béèrè. Wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ṣé ẹ̀rọ yín yìí kì í sùn ni? Èmi tí ẹ ń wò yìí, mo máa ń ṣọ́ òru, àmọ́ mo máa ń sùn lọ́sàn-án. Bí mi ò bá sùn lọ́sàn-án, ta ni yóò ṣọ́ yín lóru?"

Èrò wa nìyí, kò sì gùn: ẹni tó bá fẹ́ ṣe ẹ̀rọ aláìlókùn tó máa lo bátìrì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ro bí yóò ṣe máa sùn kó tó ro bí yóò ṣe máa ṣiṣẹ́. Ẹ̀rọ tí kò mọ oorun sùn kò tíì parí, bó ti wù kó máa ṣiṣẹ́ dáadáa tó lórí tábìlì.

Etí ń jẹun ju ẹnu lọ

Nígbà tí a bá pe rédíò níbí, kì í ṣe èyí tí àwọn bàbá wa fi ń gbọ́ ìròyìn ni à ń sọ. Inú fóònù yín, inú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò tí à ń tẹ̀ láti òkèèrè, inú ìyápíìsì tí kò ní wáyà, rédíò kékeré kan wà níbẹ̀. Ohun mẹ́ta péré ni irú rédíò bẹ́ẹ̀ ń ṣe: ó ń sọ̀rọ̀, ó ń tẹ́tí, tàbí ó ń sùn.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ọ̀rọ̀ sísọ ló ń jẹ iná jù. Àwa náà rò bẹ́ẹ̀. Ẹ wá wo nRF24L01+, rédíò kékeré kan tí ilé-iṣẹ́ Nordic Semiconductor ti ilẹ̀ Norway ṣe, tó wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nítorí pé kò wọ́n. Ìwé tí ilé-iṣẹ́ náà fúnra wọn kọ nípa rẹ̀ sọ pé bó bá ń fi gbogbo agbára rẹ̀ sọ̀rọ̀, mílíámpù 11.3 ló ń fà. Bó bá ń tẹ́tí sí ọ̀rọ̀ tó yára jù lọ tó lè gbà, mílíámpù 13.5 ni. Etí rẹ̀ ń jẹun ju ẹnu rẹ̀ lọ! Ṣùgbọ́n bó bá sùn wọra, 0.0009 mílíámpù ló ń fà, kò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mílíámpù kan. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀: ohun tó jẹ nígbà tó tẹ́tí fún ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo tó o fi sùn fún wákàtí mẹ́rin.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ mọ ìgbà tí òun máa sọ ọ́. Á lanu, á sọ ọ́, á panu dé. Ẹni tó ń tẹ́tí kò mọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ máa dé. Ó dà bí ẹni tó lọ pàdé àlejò ní gáréèjì, tí àlejò náà kò sì sọ aago tí ọkọ̀ òun máa wọlé. Á dúró láti àárọ̀ dalẹ́, á máa na ọrùn sí gbogbo ọkọ̀ tó bá yọ. Ohùn tí rédíò ń dúró dè ti máa ń rẹlẹ̀ gan-an nígbà tó bá fi máa dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Nítorí náà, àwọn ẹ̀yà tó ń gbé ohùn náà sókè gbọ́dọ̀ wà lójúfò ní gbogbo ìgbà, yálà ẹnì kan ń sọ̀rọ̀ tàbí kò sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀.

ESP8266 tiẹ̀ jẹun ju ìyẹn lọ, nítorí pé Wi-Fi ni. Bó ṣe wà lójúfò lórí táǹkì wa, ó ń fà tó mílíámpù 80. Bátìrì tí Ẹnjinníà fi sí i lè gbé mílíámpù 2000 fún wákàtí kan kó tó tán. Ẹ fi 80 pín 2000: wákàtí 25. Ìdí nìyẹn tó fi ń kú lójoojúmọ́ bí ẹni pé wọ́n dá aago fún un. Bátìrì náà kò ní àìsàn kankan. Àìsùn ló ń pa ẹ̀rọ náà.

Ẹ wá wo ohun tí à ń fẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ gan-an. Omi táǹkì ńlá kì í tán ní ìṣẹ́jú kan. Bí a bá mọ ibi tó dé ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ó tó wa. Kí ẹ̀rọ náà jí, kó wọn omi, kó sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, kó tún padà sùn, gbogbo rẹ̀ kò gbà ju ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún lọ. Nínú ìṣẹ́jú àáyá 1,800 tó wà nínú ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, márùn-ún péré ni iṣẹ́ wà. Ìdúró lásán ni 1,795 tó kù. Bó bá fi 1,795 yẹn sùn wọra, bíi máíkíróámpù 20 ni ìwé Espressif sọ pé yóò máa fà, ìyẹn ìdá kan nínú àádọ́ta mílíámpù kan. Bí a bá pa iṣẹ́ àti oorun pọ̀, tí a sì pín in dọ́gba, kò lé púpọ̀ ní 0.24 mílíámpù. Bátìrì kan náà tó ń kú lẹ́yìn wákàtí 25 yóò wá lo ọjọ́ tó lé ní 340. Oṣù mọ́kànlá gbáko, lórí ìwé.

Apirọrọ

A ní "lórí ìwé" nítorí pé ojú wa rí nǹkan. Lákọ̀ọ́kọ́, Ẹnjinníà kọ àṣẹ oorun sínú ẹ̀rọ náà. Ẹ̀rọ sùn, kò sì jí mọ́. A rò pé ó ti bàjẹ́. Àṣé aago kékeré kan wà nínú ESP8266 tó máa ń mọ ìgbà tí oorun bá tó, ṣùgbọ́n aago náà kò ní ọwọ́ tó máa fi ta á jí. Èèyàn gbọ́dọ̀ fi wáyà so ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń jẹ́ GPIO16 mọ́ èyí tó ń jẹ́ RST. Ẹnjinníà kò so ó. Ó fún ẹ̀rọ lóògùn oorun láì fi ẹni tó máa jí i sílẹ̀.

Ó so wáyà náà. Ẹ̀rọ sùn, ó jí, ó tún sùn. Inú wa dùn, a fọkàn sí oṣù mọ́kànlá. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, ó kú. Ẹnjinníà gbé mítà wá, ó wọn iná tí ẹ̀rọ náà ń fà nígbà tó yẹ kó wà lójú oorun. Mílíámpù mẹ́sàn-án! Ohun tó yẹ kó jẹ́ 0.02.

Ibi tí ọmọ ẹ̀ka Yorùbá ti wúlò nìyí. Ọ̀kan nínú wa ń wo iná pupa kékeré tó ń tàn lórí ẹ̀rọ náà tọ̀sán tòru, ló bá rántí òwe: ẹni tó sùn là á jí, a kì í jí apirọrọ. Apirọrọ ni wọ́n tà fún wa. ESP8266 fúnra rẹ̀ sùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n pátákó tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ kò sùn. Iná pupa ń tàn fún ẹyẹ. Ẹ̀yà tó wà fún wáyà USB ń dúró de kọ̀ǹpútà tí kò sí lórí táǹkì. Ẹ̀yà tó ń dín agbára iná kù kó tó dé ọ̀dọ̀ ESP8266, èyí tí wọ́n ń pè ní AMS1117, ń jẹ tó bíi mílíámpù márùn-ún fúnra rẹ̀ kó tó fún ẹnikẹ́ni. Baálé sùn, àwọn ará ilé ń jẹun.

Ẹnjinníà yọ pátákó náà kúrò. Ó ra ESP8266 nìkan, láìsí iná pupa, láìsí ibi USB, ó sì wá ẹ̀yà mìíràn tó ń dín iná kù tí kì í jẹun púpọ̀. Ó tún ṣe é kí ẹ̀rọ tó ń wọn omi máa rí iná kìkì nígbà tí ESP8266 bá jí. Nígbà tó tún gbé mítà sí i, iná tó ń fà lójú oorun kò tó ìdá kan nínú mẹ́wàá mílíámpù kan. Ẹ̀kọ́ tó wà níbẹ̀ kò le: kí a kọ "sùn" sínú àṣẹ kò tó. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ̀rọ rẹ̀ sùn gbọ́dọ̀ lọ wọ̀n ọ́ lójú oorun.

Ṣé ẹni tó sùn lè gbọ́ràn?

Àwọn kan bá wa jiyàn lórí ọ̀rọ̀ yìí, ẹjọ́ wọn sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Wọ́n ní rédíò tó sùn kò lè gbọ́ bí wọ́n bá pè é. Òótọ́ ni. Bí èèyàn bá fẹ́ bi táǹkì wa léèrè ọ̀rọ̀ ní aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kò ní rí ìdáhùn títí di aago mẹ́ta àbọ̀. Ohun tí à ń san fún oorun nìyẹn, a kò lè sọ pé kò sí.

Ṣùgbọ́n àwọn baba wa ti rí ọ̀nà àbáyọ tipẹ́. Nígbà tí kò sí fóònù, ta ló ń lọ jókòó sọ́jà lójoojúmọ́ láti dúró de ẹni tó lè wá láti ìlú kejì? Ọjà ọrọọrún ni wọ́n dá. Gbogbo èèyàn mọ ọjọ́ rẹ̀. Ẹni tó ní iṣu á wá lọ́jọ́ náà, ẹni tó fẹ́ ra iṣu á wá lọ́jọ́ náà. Ní àwọn ọjọ́ tó kù, oníkálukú wà lóko rẹ̀. Àdéhùn ló jẹ́ kí wọ́n máa pàdé láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣọ́ ọjà.

Irú àdéhùn yìí náà ni rédíò ń lò. Fóònù tó wà lápò yín ń ṣe é. Á sọ fún ráútà Wi-Fi pé òun fẹ́ tòògbé, ráútà á sì máa bá a tọ́jú ohunkóhun tó bá dé fún un. Ní bí ìdá kan nínú mẹ́wàá ìṣẹ́jú àáyá kan, ráútà á kéde orúkọ àwọn tí ọ̀rọ̀ wà nílẹ̀ fún. Fóònù á jí gbọ́ ìkéde náà. Bí kò bá gbọ́ orúkọ ara rẹ̀, á tún padà sórí òògbé. XBee tí ilé-iṣẹ́ Digi ní Amẹ́ríkà ń ṣe ní oorun tó ní àkókò: á sùn fún iye ìgbà tí a bá dá fún un, á jí, á bi olórí wọn bóyá ọ̀rọ̀ wà nílẹ̀ fún òun, bí kò bá sí, á tún sùn. Àwọn ẹ̀rọ LoRaWAN tí wọ́n wà ní ìpele A tiẹ̀ le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá ti sọ̀rọ̀ tán, wọ́n á ṣí etí lẹ́ẹ̀mejì fún ìgbà díẹ̀, wọ́n á sì sùn. Ẹni tó bá ní ohun tó fẹ́ bá wọn sọ gbọ́dọ̀ dúró di ìgbà tí wọ́n bá tún sọ̀rọ̀. Ó dà bí ẹni tó ní, "Ẹ má wá jí mi nílé. Bí mo bá dé ọ̀dọ̀ yín, ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ."

Ẹ ṣàkíyèsí pé nínú gbogbo àdéhùn yìí, ẹnì kan ṣì wà tí kì í sùn. Ráútà kì í sùn. Àpótí tó wà ní yàrá Bàbá Pọ́tà kì í sùn. Kí ọ̀pọ̀ lè sùn, ẹnì kan gbọ́dọ̀ ṣọ́nà, ẹni tó sún mọ́ iná ló sì yẹ kó ṣọ́nà. A kò gbọ́dọ̀ gbé iṣẹ́ ìṣọ́nà fún ẹni tó wà lókè táǹkì pẹ̀lú bátìrì kan ṣoṣo.

Ohun tí kò lè dúró de ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ńkọ́? Bí omi bá ń jò, tí táǹkì ń gbẹ kíákíá ńkọ́? Ìyẹn náà ní ọ̀nà. Èèyàn lè fi bọ́ọ̀lù kékeré kan léfòó sínú omi, tó fi jẹ́ pé bí omi bá lọ sílẹ̀ jù, bọ́ọ̀lù náà á já wá sísàlẹ̀, wáyà méjì á kan ara wọn, ẹ̀rọ á sì jí lójijì. Bọ́ọ̀lù kì í jẹ iná. Rédíò lè sùn títí tí ẹnì kan á fi kanlẹ̀kùn. Àmọ́ a gbà pé àwọn ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n gbọ́dọ̀ gbọ́ àṣẹ lójú ẹsẹ̀, irú bí èyí tó ń pa ẹ̀rọ afami láti òkèèrè. Irú wọn kò yẹ kó sùn, kò sì yẹ kó wà lórí bátìrì. Ẹ fà wáyà iná dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, kí ẹ má fi ọ̀rọ̀ tàn wá jẹ.

Ẹ fi sólà sí i

Èsì tí à ń gbọ́ jù nìyí: "Ẹ fi sólà sí i, ó tán." Sólà dára, ṣùgbọ́n kò gba ẹni tí kì í sùn lọ́wọ́ àìsùn. Ẹ̀rọ tó ń fa mílíámpù 80 ní gbogbo ìgbà ń jẹ tó 1,920 lójúmọ́, ó kù díẹ̀ kó jẹ odidi bátìrì wa tán lójoojúmọ́. Èyí tó mọ oorun sùn kì í jẹ tó mẹ́jọ lójúmọ́. Ti àkọ́kọ́ ń fẹ́ páńẹ́ẹ̀lì tó tóbi, tó máa fa ojú olè mọ́ra, tí eruku ọyẹ́ á bò, tí kùrukùru oṣù keje á sì fi ebi pa. Fún ti kejì, páńẹ́ẹ̀lì tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ tó o. Ẹ kọ́kọ́ kọ́ ọmọ náà bí wọ́n ṣe ń jẹun ní ìwọ̀n, kí ẹ tó wá oko tí yóò fi bọ́ ara rẹ̀.

Ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni kì í béèrè

Ohun tó ń dùn wá jù rèé. A ti tẹ̀lé àwọn ọ̀rẹ́ wa lọ síbi tí wọ́n ti ń gbèjà iṣẹ́ àṣekágbá wọn. Ẹnì kan gbé ẹ̀rọ tó ń wọn ọrinrin ilẹ̀ oko wá. Òmíràn gbé èyí tó ń ṣọ́ adágún ẹja. Gbogbo wọn wà lórí tábìlì pẹ̀lú wáyà tó ń fún wọn níná láti inú kọ̀ǹpútà alágbèéká. Wọ́n ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wọ́n dáhùn ìbéèrè lórí iye owó, lórí ìwé tí wọ́n kà, lórí bí àwòrán wọn ṣe rí. Kò sí ẹnì kan tó bi wọ́n pé: "Bí a bá yọ wáyà yìí, ọjọ́ mélòó ni yóò lò?"

Ta ni yóò máa gbé kọ̀ǹpútà lọ sí oko ẹ̀gẹ́? Ẹ̀rọ yẹn gba máàkì tó dára, lẹ́yìn náà ó wọ inú àpótí, kò sì jáde mọ́. Àgbẹ̀ tí wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe é kò rí i sójú rí.

A kò wí èyí láti tàbùkù àwọn olùkọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ń yẹ̀ wò pọ̀, àyè wọn kò sì tó nǹkan. Ohun tí à ń bẹ̀bẹ̀ fún kéré: kí wọ́n ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ iye iná tí ẹ̀rọ rẹ̀ ń fà lójú oorun sínú ìwé rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí mítà ṣe kà á, kí wọ́n sì jẹ́ kí ẹ̀rọ náà dá dúró lórí bátìrì fún ọ̀sẹ̀ méjì níbi tí wọ́n ti fẹ́ lò ó, kí wọ́n tó fún un ní máàkì. Ojú tí yóò bá ni kalẹ́ kì í tàárọ̀ ṣepin. Ẹ̀rọ tó máa kú lọ́jọ́ kejì, ẹ jẹ́ ká rí ikú rẹ̀ nílé ẹ̀kọ́, kó má jẹ́ pé ọ̀dọ̀ ẹni tó fi owó rẹ̀ rà á ló ti máa kú.

Àwa ọmọ ẹ̀ka Yorùbá náà ní tiwa láti ṣe. Oríṣi oorun mẹ́ta ló wà fún ESP8266. Nínú àkọ́kọ́, ó di etí rẹ̀ ṣùgbọ́n ó ṣì ń ronú. Ó ń fà tó mílíámpù 15. Ìkejì, òògbé ni. Kò tó mílíámpù kan. Ìkẹta ni oorun àsùnwọra, máíkíróámpù 20 tí a sọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó sùn wọra nínú wọn máa ń gbàgbé gbogbo nǹkan. Bó bá jí, bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn án ni, àyàfi ohun tó bá kọ sí ibi kékeré kan nínú rẹ̀ tí kì í sùn. Nígbà tí a ṣàlàyé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún Bàbá Pọ́tà ní èdè wa, ó yé wọn kí a tó parí ọ̀rọ̀. Wọ́n ní, "Àsùnwọra ni kí ẹ fún un. Táǹkì kò ní sá lọ." Láìka ìwé kankan, wọ́n mú èyí tó tọ́. Ó jọ pé kì í ṣe pé ìmọ̀ náà le fún àwọn èèyàn wa. A kò tíì bá wọn sọ ọ́ ní ọ̀rọ̀ tí wọ́n mọ̀ ni.

Oṣù kẹrin rèé tí ẹ̀rọ orí táǹkì ti ń sùn, tó ń jí, tó ń sọ̀rọ̀ lórí bátìrì kan náà. Kò sí ẹni tó gun àkàbà láti ìgbà yẹn. Àpótí yàrá Bàbá Pọ́tà ló ṣì ń dà wá láàmú: bí iná bá lọ fún ọjọ́ méjì, pawabáńkì tó gbé e dúró á tán, táǹkì á sì máa bá òfìfo sọ̀rọ̀. Ẹnjinníà ń wá nǹkan ṣe sí i.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣe iṣẹ́ àṣekágbá lọ́wọ́, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti ń fi iṣẹ́ yìí jẹun, kí ẹ tó pè wá wá pàtẹ́wọ́, ẹ yọ wáyà rẹ̀ ná, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọjọ́.